Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Fi Ìbànújẹ́ Ṣe Eré?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ohun púpọ̀: ọ̀rọ̀ náà ni eré. Ọmọdé tí ó ń sáré kiri nínú òṣùpá, eré ni ó ń ṣe. Àgbàlagbà tí ó jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, eré ni ó ń ṣe. Àwọn tí ó wọ aṣọ ọba àti ti ìjòyè lórí ìtàgé, eré ni àwọn náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eré ni eré ẹ̀rín. Ní agbègbè Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó káàkiri agbo ilé. Orin ni, ewì sì ni. Àwọn ènìyàn a pé jọ láti gbọ́ ọ, síbẹ̀ omi tí ń bọ́ lójú rẹ̀ kì í ṣe omi ẹ̀tàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ohun tí ń dun ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ inú eré rárá, ẹni náà kò tíì wo ilé baba rẹ̀ dáradára.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ lóde òní le ju èyí lọ díẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti mú irú eré tuntun kan wá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní géèmù. Ó ti pẹ́ tí sinimá ti ń fi ogun, ìpànìyàn àti òwò ẹrú han àwọn òǹwòran, tí a sì ń yìn ín nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù bá mú ọ̀rọ̀ kan náà, ariwo a ta pé kò bójú mu, pé àfojúdi sí àwọn tí ìyà jẹ ni. Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ohun tí ó yẹ sinimá kò lè yẹ géèmù?

Ní ọdún 1998, Steven Spielberg, gbajúmọ̀ olùdarí sinimá ní Amẹ́ríkà, gbé sinimá kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Saving Private Ryan. Ó fi hàn bí àwọn ọmọ ogun ṣe gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 1944, tí ọta ìbọn sì ń gé wọn lulẹ̀ bí ìgbà tí a fi àdá gé koríko. Ní ọdún 1999, géèmù kan jáde tí òun fúnra rẹ̀ pilẹ̀ èrò rẹ̀, tí ó sì dá lórí ogun kan náà. Medal of Honor ni a pè é, èyí tí í ṣe orúkọ àmì-ẹ̀yẹ tí Amẹ́ríkà fi ń dá àwọn akọni ojú ogun lọ́lá. Aṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ náà kọ́kọ́ ta kò ó, nítorí kò fẹ́ kí orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀mí wọn rà di ohun ìṣeré. Lẹ́yìn tí àwọn tí ó ṣe géèmù náà fi iṣẹ́ wọn hàn án, ó yí ọkàn padà. Wọn kò fi ẹ̀jẹ̀ hàn nínú géèmù náà. Ìtàn yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ parí.

Àwọn tí ó kórìíra irú géèmù bẹ́ẹ̀ ní ìdí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èkíní ni pé ẹni tí ó ń wo sinimá jókòó ni, ohun tí ẹlòmíràn ṣe ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbá géèmù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i: òun ni ó ń yìnbọn, òun ni ó ń sá, òun ni ó ń yan ẹni tí yóò yè. Èkejì ni pé géèmù a máa fún ènìyàn ní máàkì, inú ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì ń pọ̀ sí i a máa dùn. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ó kú nínú géèmù lè dìde lójú ẹsẹ̀ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; àwọn tí ó kú ní Normandy kò dìde mọ́.

Àwọn tí ó ń gbè é lẹ́yìn náà kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìbànújẹ́ kò ní kí a má kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe a máa yé e ju ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Wọ́n tún ní ọmọ tí kò lè jókòó ti ìwé ìtàn fún wákàtí kan lè jókòó ti géèmù láti àárọ̀ di alẹ́, àti pé ohun tí ó ń rí níbẹ̀ yẹ kí ó ní láárí.

Láti mọ ibi tí òótọ́ wà, ó dára kí a gbé ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Ní ọdún 1997, Spielberg kan náà ṣe sinimá kan tí ń jẹ́ Amistad. Ìtàn tòótọ́ ni. Àwọn ènìyàn tí a kó ní agbègbè Sàró, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà Mende, ni a tà sí Kúbà ní ọdún 1839. Wọ́n gba ọkọ̀ mọ́ àwọn tí ó ń kó wọn lọ lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1841. Sinimá náà fi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ hàn, pẹ̀lú àwọn tí a dè mọ́ra wọn, àti àwọn tí a sọ sínú òkun tòun ti ẹ̀wọ̀n. Ó ṣòro láti wò, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀ fún àwọn tí ìyà náà jẹ.

Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Denmark ṣe géèmù kan láti fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn òwò ẹrú. Ẹni tí ó ń gbá a ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹrú kan tí ó ń sin ọ̀gá ọkọ̀ lórí òkun Àtìláńtíìkì. Ní ibì kan nínú géèmù náà, a ó fún un ní àwòrán àwọn ẹrú tí a ká lápá ká lẹ́sẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tò wọ́n pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè gba púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ti ń to búlọ́ọ̀kù nínú géèmù tí ń jẹ́ Tetris. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Àwọn tí ó ṣe é wí pé ète àwọn ni kí àwọn ọmọdé lè mọ bí ìwà ìkà náà ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n wọ́n yọ apá ibẹ̀ kúrò.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò wọ́n ní tòótọ́? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní ọdún 1788, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìlú Plymouth, tí wọ́n fẹ́ kí òwò ẹrú dópin, tẹ àwòrán ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan jáde. Brookes ni orúkọ ọkọ̀ náà. Àwọn ènìyàn sùn tira wọn ní ẹsẹẹsẹ nínú àwòrán náà, bí ẹja inú agolo. Ẹni 454 ni òfin gba ọkọ̀ náà láyè láti kó nígbà náà. Àwòrán yìí tàn káàkiri, ẹ̀rù sì ba àwọn tí ó rí i. Ó wà lára ohun tí ó yí ọkàn àwọn ènìyàn padà, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣòfin ní ọdún 1807 pé kí òwò náà dáwọ́ dúró.

Kí ló dé tí àwòrán ọdún 1788 fi gba ènìyàn là, tí géèmù tí ó fi ohun kan náà hàn sì ṣe ìwọ̀sí? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwòrán náà mú òǹwòran dúró níwájú ìwà ìkà, ó sì ní kí ó ṣe ìdájọ́. Géèmù náà fi ọwọ́ ọmọdé sípò ọwọ́ oníṣòwò ẹrú, ó sì ní kí ó ṣe iṣẹ́ náà dáradára. Ẹni tí ó ń wá àyè tí ẹsẹ̀ kan yóò gbà wọlé kò ní ráyè wo ojú ẹni tí ó ni ẹsẹ̀. Ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn àwọn tí ó ń kó ẹrú ṣe yigbì: wọ́n ń ka iye, wọn kò ka ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ènìyàn ni wọ́n, wọ́n sì ní orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí àwọn akónilẹ́rú kó ní ọdún 1821 nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní ọdún 1837, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀wọ̀n gígùn kan ni a fà kọjá nínú irin ọrùn àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin pọ̀. Bí àgbàlagbà kan bá fi ìbínú fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọdé ni ó ń bó. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn kò rí ẹni dá wọn padà. Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí ó wà nínú wọn wà ní Bùràsílì àti Kúbà títí di òní, tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọrin òrìṣà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bá ọmọ rẹ̀ nídìí géèmù, tí ó ń to àwọn baba ńlá rẹ̀ bí búlọ́ọ̀kù, kí ni yóò wí?

Síbẹ̀, kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé kí géèmù má ṣe sún mọ́ òwò ẹrú mọ́. Ní ọdún 2013 kan náà, ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé géèmù kan jáde tí ń jẹ́ Freedom Cry. Akọni inú rẹ̀ ń jẹ́ Adéwálé. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní Trinidad, ó di òmìnira, ó sì ń jà kiri ní Saint-Domingue, tí í ṣe Hàítì lónìí, láti tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Níhìn-ín, ọwọ́ ẹni tí ó ń gbá géèmù kì í ṣe ọwọ́ tí ń deni, ọwọ́ tí ń túni sílẹ̀ ni. Àbùkù kan wà lára rẹ̀ ṣá: géèmù náà a máa ka iye ènìyàn tí a tú sílẹ̀, iye náà ni a sì fi ń gba ohun ìjà tuntun. Ẹni tí ó gba òmìnira tún fẹ́ di owó lọ́wọ́ ẹni tí ó tú u sílẹ̀. Bí èyí tí ó dára bá ní irú àbùkù yìí, ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe géèmù máa ṣọ́ra gidigidi.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é kí ó dára. Ní ọdún 2014, àwọn ará Pólándì kan ṣe géèmù tí ń jẹ́ This War of Mine. Wọ́n wo àpẹẹrẹ ìlú Sarajevo, tí ogun dó tì láti ọdún 1992 títí di ọdún 1996. Ẹni tí ó ń gbá a kì í ṣe ológun. Ó ń tọ́jú àwọn aráàlú mélòó kan nínú ilé tí ó ti wó, ó ń wá oúnjẹ, oògùn àti igi ìdáná. Bí ebi bá pa wọ́n, ó lè rán ọ̀kan nínú wọn lọ ja tọkọtaya arúgbó kan lólè. Oúnjẹ yóò wọlé, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tí ó jalè yóò bàjẹ́. Kò sí ọ̀tá tí a ó ṣẹ́gun. Kí ogun parí kí ẹ̀mí ṣì wà, èyí nìkan ni ìrètí wọn. Ní ọdún 2020, ìjọba Pólándì kéde pé wọn yóò fi géèmù náà kún àwọn iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè lò nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Nítorí náà, ìwúwo ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ń sọ géèmù di ohun tí kò bójú mu. Bí òfin bá lé gbogbo ìbànújẹ́ kúrò nínú géèmù, eré ìje àti bọ́ọ̀lù nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ. Ète rere nìkan kò sì tó, nítorí ète rere wà lọ́kàn àwọn ará Denmark. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò ni ohun tí géèmù ń pè ní ìṣẹ́gun. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìkà náà dáradára jù lọ ni ó yege, àfojúdi ni. Bí ó bá mú kí ọwọ́ ẹni wúwo kí ó tó ṣe ibi, kí ó sì rántí pé ẹni tí ó wà níwájú òun ní ìyá, ẹ̀kọ́ ni. Ọmọbìnrin tí ń sun ẹkún ìyàwó ń ṣe eré nítòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi ìyá tí ó ń fi sílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.