Rhapsody? Iṣẹ́ Télọ̀ Ni o!

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn akéwì wa tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé fẹ́ràn púpọ̀: rhapsody. Bí wọ́n bá ti fi ṣe àkọlé, ewì ti di ńlá nìyẹn. Àwọn kan náà ló ń sọ pé ìjálá kì í ṣe ewì gidi, pé oníjálá kàn ń to oríkì tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ ni, kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo ìdí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yangàn.

Èdè Gíríìkì ló ti wá. Rhaptein ni kéèyàn rán nǹkan. Ōidē ni orin. Rhapsōidos ni ẹni tó ń rán orin pọ̀. Télọ̀ ni, jàre! Àwọn ló máa ń dìde láàárín èrò, ọ̀pá lọ́wọ́, tí wọ́n á máa ké ewì Homer tí wọ́n há sórí. Apá 24 ni Iliad ní, 24 ni Odyssey náà ní. Rhapsōidia ni wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àwọn olórin tó yá a lò: Liszt fi pe orin dùùrù rẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, Gershwin gbé Rhapsody in Blue jáde ní 1924.

Ó dáa. Ta ló jọ rhapsōidos jù nínú wa? Ṣé ẹni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí tó ń kọ, tó ń pa á rẹ́ ni, àbí oníjálá tó ń mú oríkì Ògún, ti erin, ti orílẹ̀, tó ń rán wọn pọ̀ lójú agbo? Adébóyè Babalọlá ti kọ odidi ìwé lórí ìjálá láti 1966. Oníjálá tó bá ṣì í sọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a dúró lójú gbogbo èèyàn. Ta ló ń dá àwa dúró?

Wọ́n ní kò dá nǹkan sílẹ̀. Ẹ wá sí Àgídìngbì ládùúgbò wa. Télọ̀ wo ló hun áńkárá tó ń rán? Síbẹ̀, bí bùbá bá bá ara mu, ta là ń yìn? Bó bá fún lábíyá, ta là ń bú? Àgídìngbì yìí náà ni Radio Lagos wà, tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, tí kò ra ìwé ewì rí, mọ ewì tó rán dáadáa bó bá gbọ́ ọ.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá kó oríkì jọ ni akéwì o. Àkísà tí a kò rán, àkísà náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń kọ́ Yorùbá pẹ̀lú mi, ọ̀rọ̀ yẹn kàn yín.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ojú ewé tó gbẹ̀yìn la máa ń ti ewì Yorùbá sí nínú ìwé fọ́tòkọ́pì wa yìí? Ẹ gbé e síwájú. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ kọ rhapsody, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú lọ́dọ̀ oníjálá.