Nọ́ńbà ìlà nìkan kò tó



Bí ètò kan bá kú lójijì lórí Fedora, tí ẹ fi gdb wò ó, á bi yín bóyá kí òun lo debuginfod. Ẹ tẹ y. Inú elfutils ni irinṣẹ́ yìí ti jáde ní 2019, Fedora sì ti tàn án fún gbogbo ènìyàn láti ẹ̀dà 35, ní 2021. Build-id tó wà lára ètò náà ló máa ń wò, kó tó lọ mú fáìlì ìtọpinpin rẹ̀ àti kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ wá.

Ṣùgbọ́n àwọn sáfà kan ń fúnni ní fáìlì ìtọpinpin láìfi kóòdù kún un. gdb á dárúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà, ìlà fúnra rẹ̀ kò sí. Ó dà bí ẹni júwe ilé fúnni, tó wá ti ìlẹ̀kùn.

Èyí kò bójú mu. Fáìlì ìtọpinpin ló ń jẹ mẹ́gà (ẹ sì mọ bí a ṣe ń rà á), fáìlì kóòdù kan kò wúwo rárá. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń di Linux yín, kí wọ́n fi kún un.