Kíláàsì Ẹ̀kọ́ Ọnà Kì í Ṣe Ààtàn

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì lè gbé e mì. Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama kan, olùkọ́ kan wo ọmọbìnrin tí ó gba òdo nínú ìṣirò, ó ní: “Kó ìwé rẹ, máa lọ sí kíláàsì áàtì. Ibẹ̀ ni ti àwọn olódo.”

Irọ́ ni! Ohun tí ó ya àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ kì í ṣe bí ọpọlọ ti pọ̀ tó, bí kò ṣe irú ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè àti irú ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà. Sáyẹ́ǹsì a máa béèrè bí ayé ti rí, a sì dán èsì rẹ̀ wò. Ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ẹnjinníà a máa béèrè ohun tí a lè fi ìmọ̀ náà ṣe tí kò fi ní wó lé wa lórí. Ẹ̀rí ìṣirò ni àlàyé tí kò ní àbùkù. Ẹ̀kọ́ ọnà a máa wá ìtumọ̀ ohun tí ènìyàn wí àti ohun tí ó ṣe.

Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ wo àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníje ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ẹni tí kò mọ ìda yọ́, tí kò mọ idẹ dà, kò lè rọ wọ́n; ẹni tí kò sì mọ ojú ènìyàn wò kò lè fún wọn ní ẹwà. Ẹ ka 45 ní Yorùbá: márùndínláàádọ́ta. A yọ 5 kúrò nínú 50. 50 fúnra rẹ̀ jẹ́ 60 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. 60 sì ni ogún mẹ́ta. Ṣé olódo ni ó ń sọ èdè yìí?

Ní 1970, iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Wọn kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Bóyá kì í ṣe ìṣirò ni ọmọbìnrin yẹn kò mọ̀. Bóyá gbólóhùn ìbéèrè ni kò yé e. Ta ni ó bi í?

Àwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ń fi ìbẹ̀rù ìṣirò yangàn, àwa ni a ń fi ọ̀bẹ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́. Ẹni tí ó bá wá sí ẹ̀kọ́ ọnà, kí ó wá nítorí pé ó fẹ́ ẹ, kì í ṣe nítorí pé wọ́n lé e wá. Ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.