Ẹ Má Dá Òbí Mile 12 Lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde, tó ní àwọn òbí àdúgbò ọjà Mile 12 ní Èkó kò bìkítà fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ wọn ń lọ. N kò gbà rárá. Aláta tó ti ń já tòmátò láti inú ọkọ̀ Òkè-Ọya kí ilẹ̀ tó mọ́, báwo ni yóò ṣe dé ìpàdé òbí àti olùkọ́ laago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Láti ọdún 2005 ni ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí àwọn ará àdúgbò wà nínú rẹ̀: òbí, baálẹ̀, aṣojú ẹgbẹ́ obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Èwo wá ni ká máa rántí òbí kìkì nígbà tí a bá fẹ́ gbowó?

Lóṣù Kẹta ọdún 2016, ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Mile 12, ìjọba sì ti ọjà pa. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Hausa jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn òbí wọn ti mọ ara wọn. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n wá ògbufọ̀ Hausa, kí wọ́n sì ka ìnáwó sétí gbogbo èèyàn.

Èmi ni,
Òbí kan ní Kétu, Èkó.