Òjóró Kì Í Ṣe Ọgbọ́n

Ẹ̀yin ará ọgbà, ẹ gbà mí! Nílé tá a ń gbé ní Ìlódè, ẹni tí kò bá borí kọ̀ǹpútà ní Deity, ìpele tó le jù nínú géèmù Civilization VI, òpè ni wọ́n ń pè é. Ó pẹ́ tí mo ti gbà pé òpè ni mí. Mi ò gbà mọ́ o!

Ní ìpele Prince, èmi àti kọ̀ǹpútà dọ́gba. Tí mo bá gùn dé Deity, kọ̀ǹpútà ò gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: wọ́n kàn fún un ní ẹgbẹ́ mẹ́ta tó máa tẹ ìlú dó, èmi ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣé ogun nìyẹn àbí òjóró?

Ọpọ́n ayò ńkọ́? Ọmọ ayò 48 ni: ọ̀ta gba 24, òpè gba 24. Ọgbọ́n nìkan ló yà wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìlọrin kó ẹṣin wá bá Òṣogbo jà. Ìbàdàn ò ní ẹṣin tó bẹ́ẹ̀; òru ni wọ́n lọ ká wọn mọ́ ibùdó, wọ́n sì ṣẹ́gun. Tá a bá gbà pé ẹni tó ní púpọ̀ ló gbọ́n, a ti gbàgbé Òṣogbo nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Prince, ẹ má tijú. Ẹ̀yin Deity, mo ti gbé ọpọ́n ayò síta. Ẹ ó wá àbí ẹ ò ní í wá?