Àtùpà Tí Apá Rẹ̀ Gan

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni mo tún gbé wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ni n ó fi ṣáájú.

Ní Àjàṣẹ́ ni Bàbá náà ń gbé, aago ni ó sì ń tún ṣe. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń jókòó sórí àpótí kan náà, lẹ́yìn tábìlì kan náà, lábẹ́ àtùpà kan náà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá wo àwọn irinṣẹ́ òun, kí n sì bá òun wá ẹni tí yóò rà wọ́n, nítorí ojú òun kò ríran mọ́.

Mo lọ. Mo jókòó tì í, mo ń wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àtùpà náà kò tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Apá rẹ̀ dúró gbọnrangandan sókè, ó ń tan iná sí ara ògiri àti sí àtàrí Bàbá, ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ sì ń da òjìji bo aago tó wà níwájú rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti fà á wálẹ̀. Kò mira.

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. “Ó ti gan. Òun náà ti darúgbó bí èmi.”

N kò sọ pé ojú Bàbá ṣì mọ́ bíi ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo eyín àgbá aago ọwọ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Bí àtùpà bá jìnnà sí iṣẹ́ ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé orí iṣẹ́ náà kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fà á láti 60 sẹ̀ǹtímítà wá sí 30 ti rí ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin gbà níbi tí ó ti ń rí ẹyọ kan. Mo bẹ Bàbá pé kí ó fún mi ní ọjọ́ kan péré kí a tó sọ̀rọ̀ títa ohunkóhun.

Irú àtùpà alápá yìí, ressort ni ó ń gbé e dúró. George Carwardine, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ressort abẹ́ ọkọ̀, ni ó hùmọ̀ rẹ̀, tí ó sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 1932. Bí iṣan ti ń gbé apá ènìyàn ni ressort ṣe ń gbé apá àtùpà náà: ibi tí a bá fà á sí, níbẹ̀ ni yóò dúró. Nítorí náà, bí ó bá gan, ohun kan wà nínú oríkèé rẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí kọ́.

Ọmọ iṣẹ́ Bàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára kan, ti múra láti fi ipá tẹ̀ ẹ́. Mo dá a dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ipá tẹ apá tó gan, ẹ má sì fi òòlù lù ú. Ẹ fa fiche rẹ̀ kúrò lára iná ná, kí ẹ sì jẹ́ kí ampoule rẹ̀ tutù. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ti pa bọ́tìnnì rẹ̀. Fiche ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń lò níhìn-ín lè wọlé ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ó bá wọlé ní òdì, okùn tí kò ní iná ni bọ́tìnnì yóò gé, iná 220 yóò sì wà lórí ampoule bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú lójú.

A di oríkèé kọ̀ọ̀kan mú, a ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń yí, ọrùn rẹ̀ ń yí. Ìgbọ̀nwọ́ ni ó kọ̀.

Ressort ni ẹ óò kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún. Bí apá bá wà nílẹ̀, ressort ti nà gan-an. Bí apá bá wà lókè, ó rọ̀ díẹ̀. Oríire wa ni pé òkè ni tiwa ti gan sí. A fi aṣọ so apá náà mọ́ irin fèrèsé, a fi ẹ̀mú yọ ressort, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá yọ orí àtùpà nígbà tí ressort ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, apá yóò fò sókè lu ú lẹ́nu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti lu èmi rí.

A kán epo ẹ̀rọ sí ìdí écrou, a lọ jẹun, a padà wá tú u. Bí boulon ti jáde, ọmọ iṣẹ́ to rondelle kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ funfun bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn, ó sì fi tẹlifóònù rẹ̀ ya àwòrán wọn. Ohun tó wà láàárín wọn pupa rúsúrúsú, ó le, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje igi. Mo gbé e sí imú. Òórùn òróró ẹ̀pà ni.

“Ta ló ń fi òróró sí i?” ni mo bèèrè.

Ọmọ iṣẹ́ wo ilẹ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Èmi ni. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé. Á rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.”

Ojú tì mí pé mo ti bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ iṣẹ́. Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá.” Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òtítọ́ fún un: òróró tí a ń jẹ máa ń gba afẹ́fẹ́ sára, á sì di oje, gẹ́gẹ́ bí ìdí agbada àwọn alákàrà ti máa ń rí. Ó fa eruku ọyẹ́ mọ́ra, atẹ́gùn ọ̀sà sì fi ìpẹtà kún un. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan tí Bàbá ń rò pé òun ń wò ó sàn, ó ń dì í pa sí i ni.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “N kò jẹ́ fi òróró sínú aago láéláé,” ni ó wí. “Aago jẹ́ ti oníbàárà. Àtùpà jẹ́ tèmi.”

A da àwọn rondelle sínú pétrole, irú èyí tí a ń lò nínú fìtílà ìgbàanì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n. Ẹ má ṣe lo kpayo etí ọ̀nà: ẹ̀ta iná kan tó láti jó ilé. A fi bébà oníyanrìn ha ìpẹtà kúrò. Nígbà tí a ń tò wọ́n padà, ara boulon nìkan ni a fi gíríìsì díẹ̀ pa. Rondelle tó ń fi ara ra ara wọn, gbígbẹ ni a fi wọ́n sílẹ̀, nítorí ìfaragbára wọn ni ó ń ran ressort lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi epo kùn wọ́n, àtùpà yóò máa wó lulẹ̀ sórí iṣẹ́ bí ọ̀mùtí. Ìwọ̀n ìdá mẹ́rin ìyípo kan ni a fi ń dè é, a ń dán an wò, títí ó fi dúró níbi tí a fi í sí.

Okùn iná tún ku. Láàárín ìgbọ̀nwọ́, rọ́bà ara rẹ̀ ti sán, a rí bàbà nínú rẹ̀. Ká ní ọmọ iṣẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ ní ipá ni, irin àtùpà ì bá ti di iná lódindi. Ìdí nìyí tí Jean-Louis Domecq, mẹkáníìkì ará Lyon, fi ṣe àtùpà tirẹ̀ ní ọdún 1950 láìsí okùn kankan nínú oríkèé. Àwọn òrùka onírin ni ó ń gbé iná kọjá. Ẹ̀yin tó gbọ́ Faransé, ẹ pe J, L, D pọ̀, ẹ óò gbọ́ orúkọ rẹ̀: Jieldé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà a pe electricien àdúgbò. Ó fi okùn tuntun oní-mẹ́ta sí i, ọ̀kan nínú rẹ̀ di mọ́ irin ara àtùpà kí ó lè wọ ilẹ̀, ó sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́ kí ó má baà tún já.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Bàbá jókòó. Ó fi ìka kan ṣoṣo fa àtùpà náà wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí aago obìnrin kan tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ iṣẹ́, ó ní kí ó gbé ìgò òróró abẹ́ tábìlì padà sí ilé ìdáná.