Fìlà kádíbọ́ọ̀dù: Iṣẹ́ kíláàsì tó lè ta ọjà l'Ádó-Èkìtì

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àwọn oníṣòwò kéékèèké l'Ádó-Èkìtì mọ òwe yìí dáadáa, owó ìpolówó gan-an ni ìṣòro. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní Òkèṣà tàbí tó ń ránṣọ ní Ajílosùn kò lè máa sanwó rédíò lójoojúmọ́. Fẹsì káàpù tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí pàápàá kì í ṣe owó kékeré. Àwọn olóṣèlú ló ń rí owó ìyẹn ná lásìkò ìbò.

Fìlà kan wà tí owó rẹ̀ kò wọ́n: èyí tí wọ́n fi kádíbọ́ọ̀dù ṣe. Kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń jáde. Ohun tó yẹ báyìí ni kí oníṣòwò gbé iṣẹ́ náà tọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ, kí tíṣà sọ ọ́ di iṣẹ́ kíláàsì.

Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ girama àgbà, kí ọmọ lè mọ ohun tí yóò fi jẹun nígbà tó bá jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí irinṣẹ́ kò bá sí, inú ìwé ni iṣẹ́ náà ń parí sí. Ti fìlà yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Rúlà, àlùmọ́gàjí, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ti tó. Gígùn kádíbọ́ọ̀dù A4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29.7. Bí wọ́n bá gé méjì, tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lápá méjèèjì, yóò ku 57.4, èyí tó yí orí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ká. Bó bá jẹ́ abetí ajá ni wọ́n fẹ́ ṣe, etí méjèèjì ti di ojú pátákó: orúkọ ọjà lápá kan, àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù lápá kejì.

Èrè oníṣòwò ju fìlà lọ. Ọgbọ̀n ọmọ yóò mú ọgbọ̀n ọ̀nà wá, yóò sì rí èyí tí ojú oníbàárà ń dá dúró kó tó náwó ńlá fún atẹ̀wé ní Ṣómólú. Àmọ́ kádíbọ́ọ̀dù kò fẹ́ omi. Inú ṣọ́ọ̀bù, ibi ayẹyẹ tàbí àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ojú pópó nígbà òjò.

Ohun kan ṣe pàtàkì: ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba lébìrà ọ̀fẹ́. Oníṣòwò ni kó ra kádíbọ́ọ̀dù àti ọ̀dà. Èyí tó bá mú lò, kó sanwó rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ sì mọ iye tó san. Kò gbọdọ̀ kó wọn síta lásìkò ẹ̀kọ́ láti bá a polówó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọtí àti tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì.

Ọmọ tó bá rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun di owó kò ní fojú kékeré wo iṣẹ́ ọwọ́ mọ́. Oníṣòwò tó bá sì san owó náà l'Ádó-Èkìtì, àdúgbò rẹ̀ ló náwó fún, ibẹ̀ náà ni oníbàárà rẹ̀ wà.